Ìgbọ̀n Wo Ló Ti Pọ̀ Jù? Àgbéyẹ̀wò Òdiwọ̀n fún Páìpù Gáàsì Ẹ̀gbẹ́ Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ Onípísítìnì

Níbi tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ onípísítìnì bá ti ń fún gáàsì, kò sí páìpù tí kì í gbọ̀n. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìgbọ̀n náà ti ju ohun tí irin lè fara dà lọ. Ìbéèrè náà dà bí èyí tó rọrùn, nítorí ìwé ìlànà tó dárúkọ nọ́ńbà pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó àwọn ìwé náà jọ sórí tábìlì kan ṣoṣo yóò rí i pé nọ́ńbà wọn kò bára mu, pé àwọn kan tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ko ara wọn. Mo fẹ́ tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an, ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan àti ibi tí wọ́n ti yà. Èrò mi ni pé nọ́ńbà òdiwọ̀n ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ń bi páìpù. Ìdáhùn tó kẹ́yìn wà lọ́dọ̀ ipá tó ń na irin níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa epo lórí òkun nìkan. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí wọ́n sì dá ètò CNG (gáàsì àdáyébá tí a fún pọ̀) ti Ààrẹ sílẹ̀, ibùdó tí ọkọ̀ ti ń ra gáàsì ń pọ̀ sí i ní àwọn ìlú wa. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ onípísítìnì ló ń fún gáàsì níbẹ̀, láti ìpele kan dé òmíràn, títí ìfúnpá rẹ̀ yóò fi dé 200 sí 250 bar. Awakọ̀, èrò àti òṣìṣẹ́ kì í jìnnà sí àwọn páìpù wọ̀nyí. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí ẹnì kan ti wọn ìgbọ̀n náà, kí ó sì mọ ìtumọ̀ ohun tó wọ̀n.

Ohun tó ń mi páìpù

Písítìnì ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà gáàsì kì í jáde ní ìṣàn tó dọ́gba. Ó ń lù kìkì bí ọkàn. Sílíńdà tó ń fún gáàsì ní ojú méjèèjì ń lù lẹ́ẹ̀mejì nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá yípo. Ẹ ro ti ẹ̀rọ tó ń yípo nígbà 600 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí à ń kọ ní 10 Hz. Ìlù rẹ̀ yóò hàn ní 10 Hz, yóò le jù ní 20 Hz, òmíràn yóò sì tẹ̀ lé e ní 30, ní 40, títí lọ.

Ìlù yìí ń rin inú gáàsì bí ohùn ṣe ń rìn. Nínú gáàsì àdáyébá, eré ohùn jẹ́ nǹkan bíi mítà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì máa ń yí padà bí ooru, ìfúnpá àti àdàlù gáàsì náà bá yí padà. Bí ẹ̀ka páìpù kan bá gùn tó mítà 5, tí ẹnu rẹ̀ kan sì dí, ohùn inú rẹ̀ yóò máa jí ní 20 Hz, nítorí pé 400 tí a fi ìlọ́po mẹ́rin gígùn rẹ̀ pín nìyẹn. Ẹ ó rí i pé 20 Hz yìí gan-an ni ìlù tó le jù lára ẹ̀rọ wa. Wọ́n pàdé ara wọn, ìlù kékeré sì di ńlá. Lórí páìpù tó lọ tààrà, ìlù náà kò rí ojú tí yóò tì. Níbi tí páìpù bá ti yà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́bò, tàbí níbi tí ó ti fẹ̀ tàbí tí ó ti dí, ó rí ojú tì, ó sì ń gbá páìpù síwá-sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tún ń fi kún un. Ìwúwo písítìnì tó ń lọ tó ń bọ̀ ń mi férémù, gáàsì inú sílíńdà sì ń na sílíńdà náà díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni ìwà àbínibí páìpù: gbogbo páìpù tí a gbé lé òpó ló ní iye ìgbà tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ bí a bá gbá a. Bí ìlù ẹ̀rọ, ohùn inú gáàsì àti ìwà àbínibí páìpù bá ṣe déédéé ara wọn, ipá kékeré tó láti dá wàhálà ńlá sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà API 618 ti Amẹ́ríkà fi ní kí iye àbínibí tó kéré jù lára páìpù má dín ní ìlọ́po 2.4 eré tó ga jù tí ẹ̀rọ lè sá. Ẹ̀rọ tó ń yípo nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan ń sá ní 16.7 Hz, páìpù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ní iye àbínibí tó dín ní 40 Hz.

Ohun tó ń já

Páìpù kì í já nítorí pé ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Àárẹ̀ ló ń pa irin. Páìpù tó ń gbọ̀n ní 20 Hz ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 1,728,000 lójúmọ́. Kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé, ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Bí ipá tó ń na irin nígbà kọ̀ọ̀kan bá ju agbára rẹ̀ lọ, ìlà tín-ín-rín kan yóò là níbi tí wọ́n ti jó o, yóò sì máa gùn sí i láìpariwo títí gáàsì yóò fi rí ọ̀nà jáde.

Ibi tí ìlà yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù ni àwọn páìpù kéékèèké tí wọ́n jó mọ́ ara páìpù ńlá: ti géèjì, ti fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí omi dànù, ti ihò ìdánwò. Páìpù tí kò ju mìlímítà 50 lọ ni wọ́n sábà máa ń kà sí kékeré. Páìpù ńlá ń mì. Fáàfù wúwo tó wà lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò fẹ́ bá a lọ, ó sì ń fì. Gbogbo ìfì yẹn dé sí ẹsẹ̀ ọrùn náà. Àkọsílẹ̀ àjọ tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ ní Britain fi hàn pé, ní apá ti Britain nínú Òkun Àríwá, àárẹ̀ irin àti ìgbọ̀n ló fa ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo jíjò epo àti gáàsì. Nọ́ńbà yìí ló mú kí wọ́n kọ ìwé ìtọ́sọ́nà tí Energy Institute gbé jáde ní ìtẹ̀jáde kejì ní ọdún 2008, ìwé tó fún páìpù kékeré ní àyè tirẹ̀.

Ibi tí àwọn nọ́ńbà ti wá

Southwest Research Institute ní San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn orísun wọn. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná tó ń sín bí gáàsì ṣe ń lù nínú páìpù jẹ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo àwòrán páìpù kí wọ́n tó gé irin. Iṣẹ́ wọn tún mú wọn lọ sí ibi tí páìpù ti já àti ibi tí kò já, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá wọ̀n sílẹ̀. Lára ìrírí yẹn ni J. C. Wachel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fa àwọn ìlà olókìkí kan ní àwọn ọdún 1970: ìlà tí a lè fi ya àwòrán, ìlà tí ó yẹ kí a fura, ìlà tí ó yẹ kí a tún un ṣe, àti ìlà ewu. Ìlànà VDI 3842 ti Jámánì, tó jáde ní 2004, gba irú àwọn ìlà wọ̀nyí wọlé.

API 618, nínú ìtẹ̀jáde karùn-ún rẹ̀ ní 2007, sọ ọ́ di nọ́ńbà méjì fún ẹni tó ń ya àwòrán. Bí ìgbọ̀n bá wà lábẹ́ 10 Hz, kí ìrìn páìpù má ju ìdajì mìlímítà lọ, láti ṣóńṣó ìhín dé ṣóńṣó ọ̀hún. Láti 10 dé 200 Hz, kí eré rẹ̀ má ju nǹkan bíi mìlímítà 32 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (mm/s) lọ, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó bákan náà.

Ní Yúróòpù, àjọ àwọn oníkọ̀mpúrẹ́sọ̀ onípísítìnì tí wọ́n ń pè ní EFRC kó ìrírí tiwọn jọ. Ìwé wọn di ISO 10816-8 ní 2014, ó sì di ISO 20816-8 ní 2018. Ìlànà yìí wà fún ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó pín ìgbọ̀n sí ìpele mẹ́rin: A ni ti ẹ̀rọ tuntun tó dára, B lè ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà pípẹ́, C kò yẹ kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́, D sì lè ba nǹkan jẹ́. Fún páìpù, ààlà A àti B jẹ́ 12.7 mm/s, ti B àti C jẹ́ 19, ti C àti D jẹ́ 28.5. Fún ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ tó dùbúlẹ̀, àwọn ààlà náà jẹ́ 2, 3 àti 4.5 péré. Ohun tí a lè fara mọ́ lára páìpù, a kò gbọdọ̀ fara mọ́ ọn lára ìpìlẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà tí ẹnjiníà máa ń bá pàdé. ASME OM-3, tí wọ́n kọ fún ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì, ní ààlà àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tó jẹ́ ìdajì ínǹṣì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 12.7 mm/s. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pápá ní Amẹ́ríkà, ínǹṣì kan, ìyẹn 25.4 mm/s, ni òfin ẹnu. Energy Institute ní tirẹ̀ fa ìlà méjì tó ń gòkè bí iye Hz ṣe ń gòkè: lábẹ́ ti ìsàlẹ̀, a lè fi ọkàn balẹ̀, lókè ti òkè, ìṣòro ti dé, láàrin wọn, àyẹ̀wò kù.

Nígbà tí a bá gbé gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n kan

Ẹ wò ó pé 12.7 fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, nínú OM-3 àti nínú ISO. Ẹni tó bá ń kánjú yóò sọ pé wọ́n gbà fún ara wọn. Irọ́ ni. Ṣóńṣó ìgbọ̀n ni OM-3 àti òfin ẹnu ti ínǹṣì kan ń wọ̀n. RMS ni ISO àti Energy Institute ń wọ̀n, ìyẹn ìpíndọ́gba tó ń sọ bí agbára inú ìgbọ̀n náà ṣe tó. API ń wọ̀n láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Bí ìgbọ̀n bá jẹ́ ti ìlù kan ṣoṣo, ṣóńṣó jẹ́ ìlọ́po 1.41 RMS, ti ṣóńṣó dé ṣóńṣó sì jẹ́ ìlọ́po méjì ṣóńṣó. Bí a bá sọ gbogbo wọn di RMS ní 20 Hz, ohun tí a ó rí nìyí:

- Energy Institute, ìlà ìsàlẹ̀: bíi 7 mm/s
- ASME OM-3: 9 mm/s
- API 618, fún àwòrán: 11.3 mm/s
- ISO, ààlà A àti B: 12.7 mm/s
- Ínǹṣì kan ti àwọn òṣìṣẹ́ pápá: 18 mm/s
- ISO, ààlà B àti C: 19 mm/s
- ISO, ààlà C àti D: 28.5 mm/s
- Energy Institute, ìlà òkè: bíi 33 mm/s

Nígbà tí a tò wọ́n báyìí, ìjà wọn dínkù. Àwọn tó wà láti 7 dé 13 ń dáhùn ìbéèrè kan náà: ìgbà wo ni a lè sọ pé ó dára, kí a sì máa lọ? Àwọn tó wà ní 18 àti 19 ń sọ ìgbà tí a gbọ́dọ̀ dá sí i. Ti 28 sókè ń sọ ìgbà tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ tó kù láàrin wọn kò tó èyí tí àṣìṣe RMS àti ṣóńṣó dé ṣóńṣó ń dá sílẹ̀. Ẹni tó bá ka 32 ti API bí ẹni pé RMS ni, ó ti gba ìgbọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìwé náà ní lọ́kàn. Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Iye Hz náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 5 Hz, ìdajì mìlímítà ti API kò ju eré bíi 8 mm/s ní ṣóńṣó lọ, ojú ènìyàn sì lè rí i. Ní 100 Hz, 32 mm/s kan náà jẹ́ ìrìn tó jẹ́ bí ìdá kan nínú ogún mìlímítà. Ojú kò ní rí i, ọwọ́ yóò kàn gbọ́ ọ bí ìró tó ń kùn. Nítorí náà, páìpù tó ń fì tó ń dẹ́rù ba àlejò lè wà láàbò, èyí tó dà bí ẹni pé ó dúró jẹ́ẹ́ sì lè máa já lọ.

Ibi tí àríyànjiyàn wà lóòótọ́

Kí ló dé tí eré fi di òṣùwọ̀n? Ní 1960, onímọ̀ nípa ohùn kan, F. V. Hunt, fi hàn pé nínú ohun tó bá ń gbọ̀n ní iye àbínibí rẹ̀, ipá tó ń na án ń bá eré rẹ̀ lọ ní déédéé, bó ti wù kí ohun náà tóbi tàbí kéré tó. Fún irin, eré mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń mú ipá bíi megapascal 40 wá, tí a ó sì sọ di púpọ̀ díẹ̀ nítorí ìrísí ohun náà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mìlímítà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ṣóńṣó ti 32 ti API, kò ní mú ju megapascal kan tàbí méjì wá. Irin kankan kò ní já nítorí ìyẹn.

Ìṣirò yẹn jẹ́ ti páìpù ìhòòhò tí kò gbé ẹrù. Fáàfù tó wúwo láàrin páìpù, ẹ́bò, ẹ̀ka tí wọ́n jó mọ́ ọn, ibi tí ìjó náà kò ti dán: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ipá náà di púpọ̀, wọ́n sì ń gorí ara wọn. Àwọn nọ́ńbà òdiwọ̀n kéré nítorí pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún gbogbo èyí. Ìdí nìyẹn tí páìpù kan fi lè gbọ̀n ní 40 mm/s fún ọdún púpọ̀ láìsí ewu, tí ọrùn géèjì kan yóò sì já ní 15.

Bí a bá wá lọ sọ́dọ̀ ipá fúnra rẹ̀, àríyànjiyàn kò tíì tán. API 618 fi megapascal 179 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó ṣe ààlà fún páìpù irin tí ooru rẹ̀ kò tó 371°C. BS 7608 ti Britain, tó dá lé ojú ìjó irin, fún irú ìjó kan tó wọ́pọ̀, tí wọ́n pè ní F2, ní nǹkan bíi 35 péré ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ìgbọ̀n. Ìlọ́po márùn-ún ni ìyàtọ̀ náà! Ṣùgbọ́n wọn kò ka ohun kan náà. Nọ́ńbà ti API jẹ́ ti ipá tó ga jù, lẹ́yìn tí a bá ti ka gbogbo ohun tó ń sọ ọ́ di púpọ̀ níbi kọ̀rọ̀ àti ojú ìjó. Ti BS jẹ́ ti ipá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjó náà; wọ́n ti fi àbùkù ìjó sínú nọ́ńbà ọ̀hún. Ẹni tó bá fi ipá ẹ̀gbẹ́ ìjó wé 179 ń tan ara rẹ̀ jẹ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí páìpù náà ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Níbi tí ìjó bá ti wà, èmi yóò tẹ̀lé ti BS.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Òdiwọ̀n tó dára kò ní ìlò lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀nkuwọ̀n. ISO ní kí sẹ́ńsọ̀ gbọ́ láti 2 dé 1,000 Hz. Ọ̀pọ̀ mítà àtijọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti 10 Hz. Ẹ̀rọ tó ń yípo nígbà 300 ní ìṣẹ́jú kan ń lù ní 5 Hz, mítà yẹn kò sì ní gbọ́ ìlù rẹ̀ àkọ́kọ́ rárá. Kí a wọ̀n ní ìhà mẹ́ta, kí a wọ̀n ní ẹ́bò, ní àárín òpó méjì, àti ní orí fáàfù gbogbo páìpù kékeré, nítorí orí ló ń fì, ẹsẹ̀ ló ń já.

Ìgbà tí a wọ̀n ọ́n tún ṣe pàtàkì. Eré ẹ̀rọ ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìfúnpá àti àdàlù gáàsì. Bí eré ohùn bá sì yí, ibi tí ìlù ti ń pàdé ohùn yóò ṣí kúrò níbi tó wà. Páìpù tó dára ní òwúrọ̀ lè burú ní ọ̀sán nígbà tí ẹrù ẹ̀rọ bá yí padà. Nítorí náà, kí a mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láti eré ìsàlẹ̀ dé ti òkè, ní gbogbo ìpele ẹrù rẹ̀, kí a tó kọ pé ó dára. Bí nọ́ńbà bá bọ́ sí àárín ìlà méjì, ẹ jẹ́ kí a lẹ sẹ́ńsọ̀ tín-ín-rín tó ń wọn bí irin ṣe ń nà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó. Ìyẹn yóò sọ ipá náà tààrà.

Àtúnṣe, kí irin tó di gígé àti lẹ́yìn rẹ̀

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. API 618 pín àyẹ̀wò ìgbà àwòrán sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní kàn ń fi ìṣirò díẹ̀ yan bí ìgò irin tó ń pa ìlù gáàsì ṣe máa tóbi tó. Èkejì ń fi kọ̀ǹpútà wo bí ìlù náà yóò ṣe rìn nínú gbogbo páìpù. Ẹ̀kẹta fi ìgbọ̀n páìpù, iye àbínibí rẹ̀ àti ipá inú irin kún un. Bí ìfúnpá bá ti wà láàrin 200 àti 350 bar, ẹ̀kẹta ni tábìlì ìwé náà tọ́ka sí, bó ti wù kí ẹ̀rọ kéré tó. Ibùdó CNG tó ń fún gáàsì dé 250 bar wà ní ojú ibẹ̀ gan-an. Àmọ́ API 618 kò de ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá wà nínú ìwé àdéhùn, ọ̀pọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n tò pọ̀ sórí férémù kan ni wọ́n sì ń ṣe lábẹ́ ìlànà mìíràn bíi ISO 13631. Ẹni tó ń rà á ló gbọ́dọ̀ béèrè fún ọ̀nà kẹta náà.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dúró, àtúnṣe ṣì wà. Àwo irin tó ní ihò láàrin, tí a fi sí ẹnu ìgò irin náà, ń pa ìlù tó ń pàdé ohùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ ìfúnpá díẹ̀. Kílámpù tó di páìpù mú gírígírí nítòsí ẹ́bò àti fáàfù wúwo ń gbé iye àbínibí sókè; irin ríbítí tín-ín-rín tí wọ́n kàn fi kọ́ páìpù kò tó iṣẹ́ náà. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le jù, nítorí páìpù gbígbóná fẹ́ nà, páìpù tó ń gbọ̀n sì fẹ́ kí a di í mú. Ẹni tó ń ṣírò ooru àti ẹni tó ń ṣírò ìgbọ̀n gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀. Fún páìpù kékeré, kí a gé ọrùn rẹ̀ kúrú, kí a dín ìwúwo orí rẹ̀ kù, kí a sì fi irin tì í ní ìhà méjì padà sí ara páìpù ńlá fúnra rẹ̀. Bí a bá tì í sí òpó ilẹ̀ tí kò bá páìpù mì, ńṣe la fi kún ipá tó ń já ọrùn náà.

Ìdájọ́

Bí wọ́n bá ní kí n yan, API 618 ni kí a fi ya àwòrán, ISO 20816-8 ni kí a fi ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ìwé Energy Institute ni kí a fi yẹ gbogbo páìpù kékeré wò, kí ipá tí a wọ̀n lójú irin sì jẹ́ adájọ́ nígbà tí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo tí mo rọ̀ mọ́ ju gbogbo wọn lọ ni èyí: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé àbájáde tó ní nọ́ńbà ìgbọ̀n lórí, àfi bí wọ́n bá kọ síbẹ̀ bóyá RMS ni tàbí ṣóńṣó, iye Hz rẹ̀, ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà àti ìhà tó kọ sí, pẹ̀lú eré àti ẹrù ẹ̀rọ lásìkò náà. Àwọn aláṣẹ tó ń fún ibùdó gáàsì ní ìwé àṣẹ lè sọ èyí di dandan láìfi owó ńlá kún iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ṣe é nísinsìnyí tí àwọn ibùdó náà ṣì kéré níye, tí ọ̀pọ̀ irin wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.